Ẹ wá dá sí i: fíìmù ẹranko abàmì wo ló tó ohun tí èèyàn ń jó dátà lé lórí?

ỌmọBasiri (Adó-Èkìtì)

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn fíìmù tó ń dẹ́rù bani bíi tèmi, pàápàá èyí tí ẹranko tàbí ẹ̀dá abàmì kan ti ń dọdẹ èèyàn kiri, ọ̀rọ̀ yín lèyí. Òjò ò jẹ́ ká rímú mí l'Adó níbí, iná náà ń ṣe bó ṣe wù ú, ni mo bá ki hẹ́díséètì bọ etí mo gbé lápútọ́ọ̀pù sáyà mo ń wò wọ́n léraléra, tàtijọ́ tòde òní. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ojú tí mo fi wo díẹ̀ nínú wọn, lẹ́yìn náà màá béèrè ohun tí mo fẹ́ béèrè.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni Crawl, ti 2019. Ìjì líle ń jà ní Florida, ọmọbìnrin kan tó mọ omi wẹ̀ gan-an lọ wá bàbá ẹ̀, ó bá a lábẹ́ ilé, abẹ́ pákó ilẹ̀ lọ́hùn-ún tí páìpù omi máa ń gbà kọjá, ọ̀nì ti bù ú jẹ, omi sì ń kún. Ìtàn tán. Kò tó wákàtí kan àbọ̀ tí gbogbo ẹ̀ fi parí, mi ò sì wo aago lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó mú mi níbẹ̀ ni pé ẹ ti mọ ohun tí ọ̀nì yẹn lè ṣe àtohun tí kò lè ṣe. Kò lè gba àárín àwọn páìpù yẹn wọlé, torí náà ẹ̀yìn páìpù ni òun àti bàbá ẹ̀ sá sí. Àmọ́ omi ń gùn, ibi tó jẹ́ ibi ìsádi láàárọ̀ ti ń di pàkúté, ọ̀nì ò tíì yọjú àyà yín ti ń já, torí ẹ mọ̀ pé omi yẹn ló ń ṣílẹ̀kùn fún un.

Beast ti 2022 ńkọ́, èyí tí Idris Elba ṣe. Dókítà kan kó àwọn ọmọ ẹ̀ obìnrin méjì lọ sí South Africa, kìnìún kan tí àwọn tó ń pa ẹran lọ́nà àìtọ́ ti pa gbogbo ẹbí ẹ̀ wá ń gbẹ̀san lára ẹnikẹ́ni tó bá rí. Nígbà tí wọ́n há sínú mọ́tò tí kìnìún ń yí wọn po, ẹ̀rù bà mí dénú eegun. Nígbà tó wá ṣe, ọ̀gá Idris bẹ̀rẹ̀ sí í bá kìnìún wọ̀yá ìjà. Kìnìún kẹ̀! Ẹni tí kìnìún bá gbá ní àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan péré, ẹ lọ máa wá pósí. Ibẹ̀ ni ìbẹ̀rù ti tú mọ́ mi lójú, ó di ẹ̀rín.

Anaconda ti 1997, a kì í gbé e jù sẹ́yìn, àwa tá a wò ó lórí fídíò kásẹ́ẹ̀tì nílé aládùúgbò. Mo tún un wò, mo wá rí i pé ejò méjì ló wà nínú fíìmù yẹn. Ejò kan wà tí wọ́n fi rọ́bà àti ẹ̀rọ ṣe, tó wúwo, tó jẹ́ pé tó bá wé mọ́ èèyàn ẹ máa rí i pé nǹkan fún un. Èkejì, kọ̀ǹpútà ló yà á, ṣe ló ń fò fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí kò jẹun. Ṣùgbọ́n ibi tí ejò ti pọ Jon Voight tó ti gbé mì padà, tí bàbá yẹn tún wá ṣẹ́jú kan, mo ṣì ń pariwo níbẹ̀ lóru, aládùúgbò mi kanlẹ̀kùn.

Àwọn àkurákudà òde ìwòyí tí wọ́n ń kó jáde lọ́pọ̀ yanturu yẹn, mi ò ní dárúkọ wọn. Ẹja ńlá á fò jáde látinú òkun, omi ò ní ta sílẹ̀.

Ìbéèrè mi rèé. Èwo lẹ tún mọ̀ tí ẹranko ibẹ̀ ní òfin tí kò ní rú, tó sì wúwo lójú? Báwo lẹ sì ṣe ń mọ èyí tí kò dáa kẹ́ ẹ tó fi dátà ṣòfò lé e lórí? Ẹ jọ̀ọ́ kẹ́ ẹ má kàn dárúkọ, ẹ sọ ìdí.

ỌmọOlósùnta (Ìkẹ́rẹ́)

Ẹ̀gbọ́n Basiri, ẹ lọ wá Tremors ti 1990. Òfin tẹ́ ẹ̀ ń wí yẹn, òun ló lòfin jù. Ohun gìrìwò kan bí ekòló ń gba abẹ́ ilẹ̀ kiri ní aṣálẹ̀ Nevada, kò ríran, ìró ẹsẹ̀ yín nínú ilẹ̀ ló fi ń mọ ibi tẹ́ ẹ wà. Tẹ́ ẹ bá dúró jẹ́ẹ́ ẹ yè, tẹ́ ẹ bá sáré ẹ bá a lọ. Àpáta nìkan ni kò lè lu já, ni wọ́n bá gun orí àpáta lọ, oòrùn ń pa wọ́n, òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, wọ́n wá ń fi ọ̀pá gígùn ta látorí àpáta kan bọ́ sórí èkejì. Mo rẹ́rìn-ín títí, mo ní tí irú nǹkan yìí bá ṣèèṣì ya wọ Nàìjíríà, Èkìtì ló máa gbẹ̀yìn rí i. Àwa n'Ìkẹ́rẹ́ ti ní Olósùnta, a ti ní Òròlé, ẹ kàn gbé garí àti omi gorí òkè. Kí àwọn ará Èkó lọ máa wá ibi tí wọ́n á gùn.

Ẹ̀rín pọ̀ níbẹ̀ o, àmọ́ kò yẹ̀yẹ́ ìbẹ̀rù. Àwọn ekòló yẹn sì ń gbọ́n sí i bí fíìmù ṣe ń lọ, ohun tí wọ́n fi tàn wọ́n lánàá kò ní ṣiṣẹ́ lónìí.

AráArinta (Ìpólé-Ìlórò)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ padà lọ wo Anaconda yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń padà sẹ́yìn, ẹ wo omi tó ń já látorí àpáta lẹ́yìn ẹ̀. Ó ń gòkè! Wọ́n kàn yí fíìmù náà sẹ́yìn ni, wọ́n rò pé kò sẹ́ni tó máa kíyè sí i. Èmi tí mo dàgbà sẹ́bàá omi Arinta tó ń já látorí àpáta, ta ni wọ́n fẹ́ tàn jẹ?

Tó bá sì di tejò gan-an, ti fíìmù yẹn kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Anaconda ò sí ní Áfíríkà rárá, Gúúsù Amẹ́ríkà ló ń gbé, kò lóró, fífún ló máa ń fún ẹran pa. Èyí tó ń pa èèyàn ni àwọn kékeré olóró tó ń sùn sábẹ́ ewé gbígbẹ nínú oko kòkó. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ejò ń pa èèyàn tó 81,000 sí 138,000 lọ́dọọdún káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n ta ló máa fi paramọ́lẹ̀ ṣe fíìmù? Ó bu èèyàn jẹ, ó bá tiẹ̀ lọ, ó parí.

ÀǹtíNọ́ọ̀sì

A Quiet Place, 2018. Mi ò fẹ́ràn fíìmù ìbẹ̀rù, ọkọ mi ló fi dandan mú mi wò ó, ó sì wọ̀ mí lára ju òun lọ. Àwọn ẹ̀dá ibẹ̀ fọ́jú, etí ni gbogbo agbára wọn, ẹni tó bá dún pẹ́ẹ́ kú. Ìdílé kan ń rìn láìwọ bàtà lórí iyanrìn tí wọ́n tú sílẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ torí adití ni ọmọ wọn obìnrin, ọmọ tó ṣe é, Millicent Simmonds, sì jẹ́ adití lóòótọ́. Ìyá ilé wá lóyún. Ẹ̀yin ọkùnrin lè má mọ ohun tí mò ń sọ, àmọ́ ẹni tó bá ti dúró tì obìnrin tó ń rọbí rí mọ̀ pé kò sí bí wọ́n ṣe ń ní kéèyàn dákẹ́. Ó tẹ ìṣó lórí àtẹ̀gùn, ó wọ inú báàfù, ẹ̀dá yẹn ti wà nínú ilé, kò sì gbọdọ̀ ké. Ọwọ́ ọkọ mi ni mo fún títí tóun náà fi ń bẹ̀bẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi: aláboyún ò gbọdọ̀ wò ó, mi ò ṣeré. Ẹ má sì wò ó níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń dún, gbogbo adùn ẹ̀ wà nínú ìdákẹ́jẹ́, hẹ́díséètì tí ẹ̀gbọ́n ń lò yẹn dáa fún un gan-an. Ní tòótọ́ tí àwọn ẹ̀dá yẹn bá dé Adó, àwọn jẹnẹrétọ̀ wa ni wọ́n máa kọ́kọ́ fọ́ ná, kí wọ́n tó kan ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí.

ỌmọỌ̀yẹ́

Ẹ má bínú ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ takò yín díẹ̀. Ohun táwọn èèyàn máa ń sọ nípa irú fíìmù yìí ni pé ẹ fi ẹranko pamọ́, ẹ má jẹ́ kó yọjú tete. Ó rí bẹ́ẹ̀ nínú Jaws ti 1975 torí kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe ni, àkurákudà tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe yẹn ń bàjẹ́ ṣáá nínú omi iyọ̀, ọjọ́ 55 tí wọ́n dá fún iṣẹ́ di 159, ni Spielberg tó darí fíìmù náà bá ń fi orin àti àwọn àgbá aláwọ̀ yẹ́lò tó ń léfòó ṣàfihàn pé nǹkan ń bọ̀. Ó dáa, kò sẹ́ni tó jiyàn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo The Host, ti Bong Joon-ho ará Kòríà, 2006. Kò tíì tó ogún ìṣẹ́jú tí fíìmù bẹ̀rẹ̀, ọ̀sán gangan, oòrùn ń ràn, ohun burúkú yẹn ti gun òkè láti inú odò Han ó ń sáré láàárín àwọn èèyàn tó ń gbafẹ́, ẹ rí i látorí dé ìrù, ó ń ta gìrọ́gìrọ́, ó ń yọ̀ ṣubú. Kò pamọ́ nǹkan kan. Ẹ̀rù ṣì bà mí. Ìdí ni pé ó gbé ọmọdébìnrin kan lọ, bàbá ẹ̀ sì jẹ́ ọ̀dẹ̀ èèyàn tó ń sùn lẹ́nu ọjà, tí kò sẹ́ni tó kà á sí, ó ń pariwo kiri pé ọmọ òun ò tíì kú, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ọ̀rọ̀ gidi ló sì wà nídìí ẹ̀: lọ́dún 2000, wọ́n da kẹ́míkà tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú sínú gọ́tà láti ibùdó àwọn sójà Amẹ́ríkà ní Seoul, gọ́tà tó lọ sínú odò Han. Ibẹ̀ ni fíìmù ti bẹ̀rẹ̀. Torí náà èmi ò gbà pé fífi pamọ́ ni ohun tó wà níbẹ̀. Kí lẹ máa pàdánù tí ẹranko yẹn bá gbá ẹni inú fíìmù mú, ìyẹn lèmi máa ń wò.

ỌmọBasiri

@ỌmọỌ̀yẹ́ o sọ ọ́ dáadáa, àmọ́ ṣé mo sọ pé kí wọ́n fi í pamọ́ ni? Òfin ni mo ní. Tó bá fẹ́ kó yọ lọ́sàn-án kó yọ, kó ṣáà má jẹ́ pé lónìí ìbọn ò ràn án, lọ́la igi kan péré pa á torí pé fíìmù ti fẹ́ parí. Ṣùgbọ́n màá wá a, mo fẹ́ràn Parasite tí Bong yẹn ṣe.

OníléBọ́ọ̀lù

Ẹ jẹ́ n bá yín sọ ọ́ látinú ohun tí mo ń rí. Mo ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù, alẹ́ tí kò bá sí bọ́ọ̀lù mo máa ń fi fíìmù sí i fún àwọn kọ́sítọ́mà, ojú wọn ni mo máa ń wò, mi ò kì í wo fíìmù. Tí ẹ̀dá abàmì bá jáde tí gbogbo wọn bá ń pariwo "ẹ̀yìn ẹ! ẹ̀yìn ẹ!", fíìmù ti mú wọn. Tí wọ́n bá ń yọ fóònù, ẹ lọ fi orin sí i.

Ọ̀nà tí mo fi ń mọ èyí tí kò dáa: ẹ wo ìpolówó ẹ̀. Tó bá ti fi gbogbo ara ẹranko hàn yín ní ìṣẹ́jú méjì yẹn, tó tún fi ibi tó ti kú hàn yín, kí ló kù? Ẹ wo àwòrán iwájú ẹ̀, tí ẹja bá tóbi ju ọkọ̀ òkun lọ tó tún ní orí mẹ́ta, ẹ ti mọ̀. Ẹ wo ojú omi àti eruku, ibẹ̀ ni owó wọn máa ń tán sí, ẹranko tó bá rìn nínú ẹrẹ̀ tí ẹrẹ̀ ò lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ẹ pa á. Ẹ má wo ti owó níná nìkan o. Godzilla Minus One ti 2023, iye tí wọ́n ní wọ́n ná lé e kò tó mílíọ̀nù 15 dọ́là, èèyàn 35 ló ṣe gbogbo iṣẹ́ kọ̀ǹpútà inú ẹ̀, ó sì gba Oscar ti ẹ̀fẹ́ẹ̀tì lọ́dún 2024 lójú àwọn tó ná ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Mo fi í hàn nílé ìwòran mi. Àwọn ọmọkùnrin tó wá torí kí wọ́n rí ibi tí ilé ti ń wó, mo rí wọn tí wọ́n ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ọ̀rọ̀ pailọ́ọ̀tì kan ni tó sá fún ikú nígbà ogun, tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀ kú, tó wá sílé bá ìlú tó ti jóná, kò ní nǹkan kan mọ́, lẹ́yìn náà ni Godzilla, ẹranko abàmì gìrìwò tó ń wó ìlú, tún wá dé. Èdè Japan ni o, ẹ máa ka ìwé ìsàlẹ̀ ẹ̀. Àwọn èèyàn mi kọ́kọ́ kùn, nígbà tó yá kò sẹ́ni tó rántí.

TísàẸ̀fọ̀n

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ẹni tó fẹ́ kìnìún tí kò bá èèyàn ja ẹ̀ṣẹ́, kó lọ wo The Ghost and the Darkness, 1996, Val Kilmer àti Michael Douglas. Ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni. Lọ́dún 1898 àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń kọ́ afárá ọkọ̀ ojú irin sórí odò Tsavo ní Kenya, kìnìún méjì wá ń wọ inú àgọ́ lóru, wọ́n ń wọ́ àwọn lébìrà jáde nínú tẹ́ǹtì, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ará Íńdíà tí wọ́n kó wá ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ dúró, àwọn èèyàn sá. Ẹnjiníà tó ń jẹ́ Patterson ló padà pa wọ́n lóṣù Kejìlá ọdún yẹn. Òun sọ pé èèyàn 135 ni wọ́n jẹ, àmọ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó yẹ egungun àti irun wọn wò sọ lọ́dún 2009 pé ó sún mọ́ 35. Àwọn kìnìún náà wà ní mùsíọ́mù Field ní Chicago di òní, wọ́n ti fi nǹkan kì wọ́n nínú.

Ohun kan tó ń bí mi nínú: akọ ni kìnìún méjèèjì yẹn, àmọ́ wọn ò ní gọ̀gọ̀. Fíìmù wá fi gọ̀gọ̀ rẹpẹtẹ sí wọn lọ́rùn kí wọ́n lè rẹwà. Kìnìún tí kò ní gọ̀gọ̀, tó rí gbẹgẹdẹ bẹ́ẹ̀, tó wá ń jẹ èèyàn, ṣé ìyẹn ò bani lẹ́rù jù ni?

Tẹ́lọ̀_Ajílósùn

Gbogbo yín ẹ ń dárúkọ, ẹ ò dárúkọ ọmọ wa. Alien, 1979. Ẹ̀dá tó wà nínú ẹ̀ yẹn tí gbogbo ayé ń sá fún, ọmọ Nàìjíríà ló wà nínú aṣọ ẹ̀, Bọ́lájí Badéjọ, Èkó ni wọ́n ti bí i ní 1953. Ó ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní London, wọ́n rí i nínú ilé ọtí kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ẹsẹ̀ bàtà 7, ó tín-ín-rín, apá ẹ̀ gùn, wọ́n ní ẹni tá à ń wá nìyí. Kò ṣe fíìmù mìíràn lẹ́yìn ẹ̀. Ọdún 1992 ló kú, fòníkú-fọ̀ladìde ló pa á.

Èmi aṣọ yẹn ni mo máa ń wò torí iṣẹ́ mi. Ẹ wo bí wọ́n ṣe rán an mọ́ ọn lára, rọ́bà lásán, egungun ìhà hàn síta, kò sí ibi tí ojú wà, orí gígùn tó ń dán bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da òróró lé. Ìrù tí wọ́n rán mọ́ ọn kò jẹ́ kó lè jókòó lórí àga, wọ́n ní láti so nǹkan bíi jàǹgílófà kọ́ fún un kó máa sinmi síbẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ bó ṣe máa rìn díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa rí i pé kò rìn bí èèyàn tó wọ aṣọ. Ẹ̀gbọ́n ní òun ń wá èyí tó wúwo lójú, òun rèé, kò sí kọ̀ǹpútà kankan lára ẹ̀.

ÌyáÌbejì_Ìjerò

Ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọmọ mi ti pé ọdún 13, wọ́n ń yọ mí lẹ́nu pé àwọn náà fẹ́ wo irú ẹ̀. Èwo ni mo lè fi hàn wọ́n tí wọn ò ní wá sùn sí yàrá mi?

OníléBọ́ọ̀lù

Ìyá Ìbejì, Jurassic Park ti 1993. Ẹ̀jẹ̀ ò pọ̀, nínú fíìmù tó lé ní wákàtí méjì nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 péré ni dáínósọ̀ fi hàn, àmọ́ ẹ máa rò pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí omi inú kọ́ọ̀bù ti ń mì díẹ̀díẹ̀ nínú mọ́tò nígbà tí ńlá yẹn ń bọ̀ lókèèrè, ẹ wo ojú àwọn ọmọ níbẹ̀. Ẹ bá wọn jókòó wò ó. Ti Àǹtí Nọ́ọ̀sì yẹn ṣì le jù fún wọn, ti Tẹ́lọ̀ ẹ má tiẹ̀ dán an wò, nǹkan já jáde láti inú àyà ẹnì kan níbi tí wọ́n ti ń jẹun.

ỌmọOlósùnta

Ẹ jẹ́ n bi yín, kí ló dé tí àwọn tiwa kì í ṣe é? Àwọn ọlọ́dẹ wa ní ìtàn tó ju eléyìí lọ. Ẹni tó bá ti ka Fágúnwà nílé ìwé, ta ni Àgbákò ò lé lójú àlá? Ẹ fún mi ní ẹni tó mọ aṣọ rán bíi Tẹ́lọ̀, ẹ fún wa ní igbó kan àti kámẹ́rà.

Tẹ́lọ̀_Ajílósùn

Mo wà níbí o, ẹ wá owó. Ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ lo kọ̀ǹpútà fún Àgbákò, èèyàn gíga kan ni kẹ́ ẹ bá mi wá.

ỌmọBasiri

Ẹ ṣeun púpọ̀. Tremors ni màá kọ́kọ́ wò torí mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, The Host tẹ̀ lé e, tí iná bá wà lópin ọ̀sẹ̀ màá gbé ti Godzilla sórí tẹlifísọ̀n ńlá nílé bọ̀dá mi. Ti kìnìún Tísà, mo ti ń wá a. Ẹnì kan kọ̀wé sí mi nínú ìkọ̀kọ̀ pé kí n fi The Thing ti 1982 kún un, èyí tí ẹ̀dá kan ti ń gbé àwọ̀ ẹlòmíràn wọ̀ láàárín àwọn ọkùnrin tó há sí ilẹ̀ yìnyín Antarctica, tí ẹnikẹ́ni ò mọ ta ni èèyàn mọ́. Ṣé ẹnikẹ́ni ti wò ó?

ÀǹtíNọ́ọ̀sì

Mo ti wò ó. Ó dáa gan-an, ẹ̀rọ àti rọ́bà ni wọ́n fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Àmọ́ nígbà tó bá kan ibi ilé ajá, ẹ gbé àwo iyán yẹn sílẹ̀ ná.